Wágọ̀nù Tí Mo Bọ̀ Lómi Gbígbóná

Mo ta aṣọ òkìríkà ọmọdé ní Dùgbẹ̀ títí àbíkẹ́yìn mi fi jáde ní yunifásítì, nítorí náà kò sí ẹni tó lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ nǹkan tó ti kọjá lára ẹlòmíràn. Omi gbígbóná, iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, ọṣẹ díẹ̀, kí ó wà nínú bàsíà láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi ga. Alààyè ló lò ó ni o, òkú ló lò ó ni o, iyọ̀ á gbà á lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi kọ́ mi ní Ṣakí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá ra ọjà lọ́wọ́ mi. Ọgbọ́n yìí gan-an ni mo fi ba ọkọ̀ rélùwéè jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. N kò níbi tí mò ń sáré lọ.

Ọkọ mi, tí mo ti ń pè ní Bàbá láti ọjọ́ tí a ti bí àkọ́bí wa, ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Dùgbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn kì í ṣe awakọ̀, wọn kì í sì í ṣe ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n dúró sáàárín wágọ̀nù méjì, kí ọkọ̀ rọra máa fà sẹ́yìn bọ̀, kí wọ́n wá gbé ìkọ́ irin ti ọ̀kan kọ́ èkejì. Bí wọn kò bá kọ́ ọ dáadáa, orí ọkọ̀ á lọ, ìdí á kù sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń gbé ìkọ́ náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé wọn, mo rò pé inú ń bí wọn sí mi ni, nítorí bí wọ́n bá di ọwọ́ mi mú, ó máa ń dà bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá há mi lọ́wọ́.

Ní èṣí, àìsàn rọpárọsẹ̀ gbé wọn lulẹ̀ ní bálùwẹ̀. Ọlọ́run ṣe é, ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu wọn, ẹsẹ̀ náà padà, ó kàn ń fẹ́ ọ̀pá. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò padà. Wọ́n á gbé e sórí itan bí ẹni gbé ẹrù tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n á máa fi òsì ṣe ohun gbogbo.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bàbá yìí kan náà ló gbá àwọn ọmọ wa létí lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé wọ́n fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Báwo ni wọ́n ṣe máa wá na òsì jáde nísinsìnyí? Bí àlejò bá mú ọsàn wá, wọ́n á ní kí ó gbé e sórí tábìlì. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa sọ fún àlejò pé wọ́n ń sùn. Wọn kò bá wa jẹun pọ̀ mọ́, wọ́n á ní kí n gbé tiwọn lọ sí yàrá. Ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n dá a dúró, nítorí bí ìsìn bá parí, gbogbo ènìyàn ló máa ń fẹ́ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan wọn ní ọsibítù fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Màmá, ọwọ́ yẹn kò tíì kú. Ó ti lè ká, ó lè nà. Àmọ́ Bàbá kò fẹ́ lò ó. Bó bá wà lórí itan báyìí títí ọdún fi yípo, ó máa gan síbẹ̀, a ò sì ní lè mú un padà. Ẹ bá mi wá nǹkan tí wọ́n á fẹ́ dì mú."

Ó fún wa ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan, pé kí wọ́n máa fún un lọ́wọ́. Bàbá wo bọ́ọ̀lù náà, wọ́n wò mí.

"Ṣé mo ti padà di ọmọ ọwọ́ ni?"

Bọ́ọ̀lù náà di ti ajá ará ilé kejì.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ wa obìnrin tó ń gbé òkè òkun. Ọmọ náà ronú. Kò pẹ́, ó fi páálí kan rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Orí ọkọ̀ rélùwéè kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, tí kò gùn ju ọ̀dùnkún lọ, pẹ̀lú irin tí a ó tò yípo, tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Kì í ṣe tuntun. Ọmọ náà ní ọwọ́ àgbàlagbà kan lòun ti rà á, pé àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ń fi irú rẹ̀ ṣeré. Mo ní, àgbàlagbà wo? Ó ní, "Màmá, ẹ sáà tò ó fún wọn."

Mo tò ó sórí tábìlì ìjẹun. Orí ọkọ̀ náà sáré yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá ń wò ó.

"Ó dáa," ni wọ́n wí.

"Ṣé ẹ fẹ́ràn rẹ̀?"

"Ọkọ̀ tí kò fa nǹkan kan, kí ló ń sáré lọ ṣe?"

Mo ní kí ni kí ó máa fà. Wọ́n ní wágọ̀nù ẹrù. Mo ní ti èrò ńkọ́, tó ní fèrèsé. Wọ́n mirí. "Èrò á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹrù ló nílò ènìyàn."

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo wọlé lọ mú ìborùn mi. Wágọ̀nù kékeré, tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí a ó wá láàárín òkìtì ọjà. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ mi nìyẹn? Mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú takisí láti ilé wa ní Challenge títí dé Dùgbẹ̀. Bí ẹ bá rí obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín lásán nínú takisí, ẹ káàánú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò tíì rí nǹkan.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé òkìríkà. Ó máa ń da gbogbo rẹ̀ sórí tapólì, bèbí tí kò lórí, mọ́tò tí kò ní táyà. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Màmá, kí lẹ̀ ń wá?"

"Wágọ̀nù rélùwéè. Ti ẹrù."

"Ọmọ-ọmọ yín ló fẹ́ fi ṣeré?"

"Rárá, ẹni náà dàgbà díẹ̀."

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Ó ti lé ní àádọ́rin."

Ó wò mí dáadáa. Ó sún àpótí mi kúrò nínú oòrùn, ó sì fún mi ní omi tútù. Mo mọ ohun tó ń rò. Èmi náà ìbá rò bẹ́ẹ̀.

Mo rí wágọ̀nù kan tó lẹ́wà, aláwọ̀ ewé, ó lágbára, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí. Mo rà á, mo gbé e délé. Ó jókòó sórí irin bí ewúrẹ́ tó gun àga. Táyà rẹ̀ ọ̀tún wà ní ìta, ti òsì wà ní ìta, irin wà láàárín, kò kan ohunkóhun. Èmi tí mo máa ń fi ojú wo ẹsẹ̀ ọmọ tí mo sì máa ń mọ nọ́ńbà bàtà rẹ̀ láti òdì kejì títì.

Bàbá ní, "Èyí kì í ṣe wágọ̀nù. Ilé ni."

Ọjọ́ kejì, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹyọ ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan, mo fi wọn àárín irin méjèèjì, mo gé e síbẹ̀, mo tì í sínú Bíbélì kékeré mi kí ó má baà ṣẹ́. Bí a ṣe ń wọn ẹsẹ̀ ọmọ tí kò bá tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá ọjà nìyẹn. Obìnrin ọlọ́jà rí i tí mo ń ti ọwọ̀ bọ abẹ́ wágọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, ẹ ti padà dé."

"Mo ti padà dé."

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ń dúró de ẹrù."

Kò tún béèrè ọ̀rọ̀ kankan mọ́, ó bá mi tú òkìtì náà títí. Márùn-ún ló bá ọwọ̀ mi mu. Ọ̀kan rí gbọọrọ bí agolo, ti epo bẹntiróòlù ni. Méjì kò lórùlé. Ọ̀kan kò ní táyà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tó kẹ́yìn ní òrùlé, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ Ìbàdàn, ìdọ̀tí sì bò ó: ìpẹtà ní ìdí ilẹ̀kùn, èéfín lórí òrùlé, ẹrẹ̀ lẹ́bàá táyà. Ìkọ́ mẹ́ta ti ṣẹ́ nínú gbogbo wọn. Mo ní kí ó bá mi dì wọ́n.

Mo tò wọ́n síwájú Bàbá. Wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ń wo èyí tó ní ìpẹtà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọn kò fọwọ́ kàn án, ọ̀tún wà lórí itan, òsì wà lórí ọ̀pá. Mo wo ojú wọn, mo wo ìdọ̀tí náà, ìtìjú bò mí. Mo ní nínú ara mi pé, ìwọ obìnrin yìí, o kó ẹ̀gbin wá síwájú ọkọ rẹ.

Bí mo ṣe gbé omi kaná nìyẹn.

Ẹ ti mọ ìyókù. Mo da omi náà sínú bàsíà nígbà tó ń hó yaya, nítorí pé n kì í fi nǹkan òkìríkà ṣeré. Mo bu iyọ̀ sí i. Mo kó wágọ̀nù márààrún sínú rẹ̀, mo fi ìdérí bò ó, mo lọ ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí mo padà, mo kọ́kọ́ mú èyí tó ní ìpẹtà, mo fi kànìnkànìn onírin bó o. Ìpẹtà náà lọ wẹ́rẹ́. Inú mi dùn sí i. Kò wá sí mi lọ́kàn pé rọ́bà kì í dípẹtà. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, mo ti lo bàsíà rọ́bà láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, mo sì jókòó síbẹ̀, mò ń bó ìpẹtà lára rọ́bà, mo ń kọrin.

Ìgbà tí mo tò wọ́n sínú oòrùn ni mo rí i. Agolo epo ti tẹ̀ níkùn. Àwọn méjì tí kò lórùlé ti ká gbàrà bí ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti ìrù rẹ̀ bọ ẹnu. Èyí tí kò ní táyà àti olórùlé nìkan ló dúró, olórùlé kàn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí etí ń dùn.

Mo bò wọ́n. Mo dúró títí Bàbá fi jẹun tán kí n tó gbé wọn dé iwájú wọn. Wọ́n fi òsì mú olórùlé, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"Ta ló fọ èyí?"

"Èmi ni."

"Ìpẹtà ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti bó o."

Wọ́n fi àtàǹpàkò òsì ra ìdí ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta lójúlé kejì.

"Ẹnì kan ló jókòó," ni wọ́n wí, "ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó kun ìpẹtà yẹn. Ìdí ilẹ̀kùn ló kùn ún sí, ibi tí òjò máa ń dúró sí gẹ́lẹ́. Ẹni náà ti rí wágọ̀nù rí. Òun ni mo ń wò."

Mo ní iyọ̀ ni mo fi fọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Ó ti dùn nìyẹn," wọ́n sì gbé e kalẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n lọ sí yàrá.

Èmi wá dá jókòó ti wágọ̀nù. Mo rò ó pé ó parí. Mo rí ọwọ́ yẹn lórí itan ní ọjọ́ iwájú, tó ti gan, tí a ó máa fi aṣọ bò ó bí àlejò bá dé. Kì í ṣe pé wọn kò rí nǹkan tí wọ́n fẹ́. Wọ́n rí i, mo sì bọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ta òkìríkà kì í tètè dá nǹkan nù. Aṣọ tó ya, a ó rán an. Èyí tó súnkì, a ó fi ta ọmọ kékeré. Mo tún gbé omi kaná, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo rẹ àwọn tó ká, mo nà wọ́n, mo gbé ọmọ ọlọ lé wọn. Ọ̀kan nà. Èkejì nà kọjá ààlà, ó tẹ́ bí ìwé. Mo yọ táyà èyí tó tẹ́, mo fi í sí èyí tí kò ní táyà. Àwọn ìkọ́ tó ṣẹ́, mo fi píìnì tí mo fi ń de ìborùn ṣe é, mo ká a, mo mú un gbóná, mo tì í bọnú rọ́bà. Olórùlé tí mo bó ìpẹtà rẹ̀ ti funfun káàkiri bí ẹni tí ẹ̀tẹ̀ mú, mo bá fi ọ̀dà èékánná tí ọmọ mi gbàgbé sílé kùn ún. Pupa ni. Ó ń dán.

Mo gbé e jáde.

Bàbá wò ó. "Ta ló ń gbé wágọ̀nù yìí níyàwó?"

"Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rí i bó ṣe máa rìn."

Ó rìn títí dé kọ́nà àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti fò kúrò lórí irin, wọ́n dùbúlẹ̀.

"Ó fúyẹ́," ni Bàbá wí láti orí àga. "Wágọ̀nù òfìfo máa ń fò."

Òkúta inú ẹ̀wà tí mo ṣà wà nínú àwo lórí fèrèsé. Bódìjà ni mo ti ra ẹ̀wà náà, ẹni tó bá sì ń ra ẹ̀wà Bódìjà kò lè sọ pé òun ò lókúta. Mo bù ú sínú àwọn wágọ̀nù. Bàbá sún àga wọn mọ́ tábìlì.

"Má jẹ́ kí ti ẹ̀yìn kún jù. Ti iwájú ni kí ó wúwo."

Mo dín in kù. Ó rìn, ó yí kọ́nà àkọ́kọ́, ó yí èkejì. Ní ìkẹta, píìnì mi já kúrò. Orí ọkọ̀ àti agolo epo ń lọ, àwọn yòókù dúró sẹ́yìn ń wò wọ́n. Bàbá na òsì, wọ́n di orí ọkọ̀ mú kí ó má sáré lọ, táyà rẹ̀ ń yí nínú ọwọ́ wọn.

"Kọ́ ọ padà."

Mo tẹ̀ síwájú. Ojú mi kò rí píìnì dáadáa, ìka mi sì nípọn.

"Kì í ṣe ibẹ̀."

"Ibẹ̀ ni mo rí."

"Gbé ti ẹ̀yìn sókè. O ti dojú ìkọ́ náà délẹ̀."

"Ojú rẹ̀ wo?"

"Ìyàwó, ẹ̀yìn lo kọ́ ọ sí."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí n..."

"Fi sílẹ̀. Fi sílẹ̀, o fẹ́ ṣẹ́ ẹ."

Òsì wọn wà lára orí ọkọ̀. Wọn kò lè fi í sílẹ̀, á sáré. Mo rí i tí ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí itan.

Ó dìde bí ẹni tó ń fa omi láti inú kànga jíjìn. Ó gbọ̀n. Ó dé etí tábìlì, ó sinmi níbẹ̀. Ó rọra wọ́ lórí tábìlì títí ó fi dé ibi tí mo wà, ó sì ti ọwọ́ tèmi kúrò. Àtàǹpàkò àti ìka kan ni wọ́n fi mú píìnì náà. Ó bọ́. Wọ́n tún mú un. Ó tún bọ́. Nínú gbogbo rẹ̀, ìkọ́ ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ọwọ́. Ní ìgbà kẹrin, ó kọ́, ó dún bí ẹni tó fi èékánná ta agolo.

Wọ́n fi orí ọkọ̀ sílẹ̀. Gbogbo wọn lọ lápapọ̀, pẹ̀lú òkúta ẹ̀wà, olórùlé pupa ló kẹ́yìn. Ìgbà náà ni wọ́n tó rí ọwọ́ tó wà lórí tábìlì. Wọ́n wò ó bí ẹni rí ojúlùmọ̀ tí wọ́n ti jọ ní aáwọ̀.

"Ìkọ́ rẹ kò dáa," ni wọ́n wí.

"Mo mọ̀."

"Mú píìnì mìíràn wá."

Mo lọ mú píìnì. Mo pẹ́ díẹ̀ ní yàrá kí n tó padà, nítorí omi ojú mi.

Ọwọ́ náà kò tíì padà tán, n kò ní parọ́. Wọn kò tíì lè fi í jẹ òkèlè, bọ́tìnnì ṣì ń dà wọ́n láàmú. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ wágọ̀nù, tí wọ́n sì ń tú u. Wọ́n ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ìpẹtà padà sí olórùlé náà, lórí ọ̀dà èékánná mi, ó sì wọ́ ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ìdí ilẹ̀kùn gẹ́lẹ́ ló wà. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n tẹ̀lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìsìn, díákónì wa na ọwọ́ sí wọn. Ọ̀tún ló lọ pàdé rẹ̀. Ó pẹ́ lọ́nà. Díákónì náà kò ká tirẹ̀ kò, ó dúró dè é títí ó fi dé.

Obìnrin ọsibítù béèrè irú eré ìdárayá tí a ń ṣe nílé. Bàbá ní àwọn kì í ṣeré, iṣẹ́ ni àwọn ń ṣe. Èmi ni mo wá ṣàlàyé rẹ̀ fún un, omi gbígbóná, iyọ̀ àti gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Nígbà tó dákẹ́, ó ní kí n máa ra wágọ̀nù sí i, ṣùgbọ́n kí n má ṣe máa tún wọn ṣe dáadáa jù, kí iṣẹ́ lè máa kù fún Bàbá.

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀.